Ta Ló Pe Ọmọ Ìgbòho Ní Olódo?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà jókòó sí Àkúrẹ́, wọ́n sì wọ́gi lé ìlànà kan tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìlànà náà ló ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dókítà Túnjí Alausa, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, ló kéde ìpinnu tuntun náà níbi àpérò kan ní Àbújá. Ó ní àwọn agbègbè tó ki àṣejù bọ ọ̀rọ̀ èdè abínibí nínú kíláàsì ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Láti ìgbà náà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì.

Tí ọmọ bá gba òdo, ẹnì kan ní láti jẹ̀bi. Lọ́tẹ̀ yìí, èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ìṣirò kékeré kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Àkúrẹ́. Ọmọ tó jókòó ṣe WAEC ní 2025 ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní nǹkan bí ọdún 2013: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ní girama. Ọmọ tí ìlànà 2022 bá ní kíláàsì kìn-ín-ní kò ní í fojú kan WAEC kí ó tó di 2034. Kò sí bí ìlànà náà ṣe lè ba ìdánwò ẹnikẹ́ni jẹ́ nígbà tí wọ́n fi wọ́gi lé e. Òótọ́ ni pé Mínísítà ní ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn lòun ń wò. Ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni èyí tó ti wà láti 1977, èyí tó fi èdè abínibí mọ sí àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò. Ìyẹn gan-an kò rẹ́sẹ̀ walẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí kò sí ìwé, kò sí tíṣà tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, ìjọba kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbòho jìnnà sí Àbújá, ó sì jìnnà sí Ìbàdàn náà. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oorelope, lápá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀dàn ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igbó. Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni ààfin padà wá fìdí kalẹ̀ sí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Mẹ́rin nínú àwọn Aláàfin ìgbà náà ni wọ́n sin sí Igbó Ọba níbẹ̀, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ tí àwọn òpìtàn kan ní obìnrin ni sì wà nínú wọn. Lónìí, ìlú àgbẹ̀ ni: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, kaṣú. Àwọn Fúlàní darandaran ń gbé ní eréko, ọmọ tiwọn náà sì wà ní àdúgbò ilé-ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́fà kan níbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀. Kí ó tó tẹ ilé-ìwé, ó ti mọ ebè í kà. Bí ewúrẹ́ kan bá sọnù nínú agbo, ó mọ èyí tí kò sí láìjẹ́ pé ó kà wọ́n. Ó lè pa àlọ́ Ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfo ibì kan, kí ó sì gbé orin rẹ̀ síbi tó yẹ. Ó mọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ kí àti ẹni tó lè bá ṣeré. Ní ọjọ́ kan, wọ́n wọṣọ fún un, wọ́n mú un lọ sí kíláàsì kìn-ín-ní, tíṣà sì gbé pẹ́ńsùlù sókè, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí lèyí. Ọmọ mọ pẹ́ńsùlù. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ń ya igi àti màálù sára ògiri ilé. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í, ó sì dákẹ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ ní ilé-ìwé: pé ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ nílé kì í ṣiṣẹ́ níbí.

Ohun tó ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó rí nínú kíláàsì ilé-ìwé ìjọba. Tíṣà á sọ ìdajì ọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì á fi ariwo parí ìdajì tó kù. Tíṣà á bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọ́n á sì pariwo pé ó yé àwọn. Ó dùn lẹ́tí. Alábòójútó tó bá ń kọjá lójú fèrèsé á rò pé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Ṣùgbọ́n UNICEF ti sọ ọ́ léraléra pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tó rọrùn. Ariwo yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sá pamọ́. Ọmọ tó bá wà láàárín àádọ́ta ọmọ tó ń pariwo, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan.

Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́ ní àlàyé fún èyí, àlàyé náà kò sì le. Ààyè tí ọpọlọ fi ń di nǹkan mú lẹ́ẹ̀kan náà kéré, ti ọmọdé sì kéré ju ti àgbà lọ. Tí tíṣà bá ń ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ iye kan kúrò nínú òmíràn, ọmọ nílò ààyè yẹn fún ìṣirò. Tó bá jẹ́ pé èdè àjèjì ni tíṣà ń sọ, ọmọ á ti fi ààyè ọ̀hún wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tán kí ìṣirò tó dé. Tí ẹ bá wá fi ẹ̀rù kún un, ẹ̀rù ẹgba, ẹ̀rù ẹ̀rín, ẹ̀rù náà á gba ìyókù. Ọmọ á wo pátákó, ojú rẹ̀ á là, kò sì ní í rí nǹkan kan.

Ó ku ti ìwé kíkà fúnra rẹ̀. Ní 2003, Philip Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé ń parí lọ, àwọn ọmọ Fínlándì, Gíríìsì àti Ítálì ti ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ dáadáa, wọ́n sì ń gba èyí tó ju 90 nínú 100 lọ. Àwọn ọmọ Skọ́tílándì, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá wọn o, gba 34. Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn kò pé. Sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì ló ń dààmú wọn: lẹ́tà kan náà, ohùn mẹ́rin. Tí ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú oyún bá lè jìyà báyìí, kí la ń retí lọ́wọ́ ọmọ Ìgbòho tí kì í gbọ́ ọ níbòmíràn ju kíláàsì lọ?

Yorùbá ní tirẹ̀ kò fi lẹ́tà ṣeré. B kì í yí padà di nǹkan mìíràn, ẹ kì í ṣe e. Ẹni tó bá mọ lẹ́tà àti àmì ohùn lè pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti jí i gbé lẹ́rú ní 1821, nínú ọ̀dàn kan náà tí Ìgbòho wà. Èdè Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń sọ ní àgbègbè yẹn ló sì súnmọ́ èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé Yorùbá jù lọ. Ọmọ Ìkálẹ̀ tàbí ọmọ Èkìtì lè ní òun ní láti kọ́ Yorùbá inú ìwé díẹ̀ kí òun tó kà á. Ọmọ Ìgbòho kò ní àwáwí yẹn. Bí ilé-ìwé bá wà níbì kan tó yẹ kí ọmọ fi oṣù mélòó kan mọ ìwé kà, Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìgbòho wà, ni.

Àwọn tó bá fẹ́ ẹ̀rí kò nílò láti lọ sí Fínlándì. Ó wà nílé, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí Ford Foundation ti Amẹ́ríkà náwó sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, ló wà nídìí rẹ̀, òun àti àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan tó jẹ́ onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí a má gbàgbé ti Afọláyan yẹn: ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun wà nínú àwọn tó ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ. Ètò náà rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. Àwọn ọmọ kan yóò fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, gbogbo rẹ̀. Wọn yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú tí wọ́n sì dìídì yàn fún un. Àwọn ọmọ mìíràn yóò ṣe é bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni ti ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá tó dé kíláàsì kẹfà nígbà náà. Wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́. Wọ́n wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ, wọ́n gbé e fún tíṣà, tíṣà gbé e wọ kíláàsì, wọ́n tún un kọ. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé Yorùbá kò lè gba sáyẹ́ǹsì, ó dà bí ẹni pé kò gbọ́ pé àwọn kan ti ṣe é nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ta àwọn yòókù yọ. Ìyẹn kò ya àwọn olùwádìí lẹ́nu. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni ti Gẹ̀ẹ́sì: àwọn ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Wọn kò pàdánù ohun tí òbí ń bẹ̀rù pé wọn yóò pàdánù. Àwọn alátakò ní tíṣà àkànṣe ló fà á, kì í ṣe èdè. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó tún ń ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ni: wákàtí kan lóòjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sàn ju wákàtí márùn-ún lọ lọ́wọ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń yọ lẹ́nu. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1989. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ló di Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́. Òun tìkára rẹ̀ jókòó sórí àga tí Dókítà Alausa jókòó lé lónìí, síbẹ̀ kò rí i kí orílẹ̀-èdè sọ ohun tó ṣe ní Modákẹ́kẹ́ di ti gbogbo ilé-ìwé. Ìyẹn yẹ kó kọ́ àwọn olólùfẹ́ Yorùbá lọ́gbọ́n. Ẹ̀rí nìkan kì í mú ìjọba rìn.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tọ́ sí ìpínrọ̀ tirẹ̀, nítorí pé nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọmọ ní olódo jù. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ parí, obìnrin kan láti Ọsirélíà, Helen Verran, wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó ń kọ́ àwọn tíṣà bí a ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ó wà nínú kíláàsì kan tí tíṣà fẹ́ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Irinṣẹ́ kò tó. Tíṣà gé páálí kéékèèké, ó mú okùn, ó fi okùn wọn gíga ọmọ, ó wé okùn náà mọ́ páálí, ó ní kí wọ́n ka iye ìgbà tó yí i ká, kí wọ́n fi ìyókù kún un. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Verran kọ́kọ́ rò pé ẹ̀kọ́ ti dàrú, àfi ìgbà tó rí i pé àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi í ṣeré. Tíṣà ti gba ọ̀nà tí Yorùbá fi ń ka nǹkan wọlé: òdindi kan, kí a pín in sí ìdì, kí a wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ti ka ebè ní igba-igba rí mọ ohun tí tíṣà yẹn ṣe. Verran kọ ìwé lé e lórí ní 2001.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Recife, ní Brazil. Ní 1985, Terezinha Nunes Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó. Bí wọ́n bá lọ ra àgbọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ṣe ìṣirò owó àti ṣéńjì dé 98 nínú 100. Wọ́n wá kọ ìṣirò kan náà sínú ìwé bí ti ilé-ìwé, wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ kan náà. Èyí tí wọ́n gbà kò tó 40. Ní ọjà Ìgbòho, ẹ ra kaṣú tàbí èlùbọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ẹ fún un ní owó tó lé, kí ẹ sì díbọ́n bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ ó mọ̀ bóyá olódo ni.

Ẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ tó kù, a kò sì tíì sọ ọ́ délẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ti aládàáni pàápàá, ló ṣì ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ Yorùbá: owó ìtanràn, ẹgba, tàbí pátákó tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn òbí ń rí i, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ṣe é fún àwọn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń sunkún ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìgbòho. Ọmọ tí inú ń run, ọmọ tí ebi ń pa, èyí tí ìyá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, èyí tí àgbàlagbà kan ń fọwọ́ kàn níbi tí kò yẹ, Yorùbá ló máa fi sọ ọ́ bí yóò bá sọ ọ́ rárá. Bí ilé-ìwé bá ti sọ Yorùbá di ẹ̀ṣẹ̀, ó ti pa ilẹ̀kùn yẹn dé, tíṣà tó jẹ́ onínúure jù lọ kò sì ní í mọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2006. Òfin lè ní kí wọ́n gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, ṣùgbọ́n ọmọ ní láti kọ́kọ́ rí ẹnu sọ pé ìyà ń jẹ òun.

Kì í ṣe òní ni àwọn oníṣègùn ti ń rí ohun tí ẹ̀kọ́ tí kò bá ọmọ lára mu ń ṣe fún un. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo sọ di olókìkí. Ní 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀: orí wọn ń gbóná, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń ka ìwé, kò wọlé, bó wọlé, kò dúró. Lára ohun tó fura sí ni pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn Òyìnbó ń bá bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọmọ náà jà. Àwọn dókítà tó wá lẹ́yìn ti bá a jiyàn: àwọn kan ní kì í ṣe àìsàn kan lọ́tọ̀, pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lásán ni, irú èyí tó wà níbi gbogbo láyé. Kí wọ́n máa jà á lọ. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tó ń múra WAEC sílé rí mọ orí gbígbóná yẹn, orúkọ yòówù kí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí a fi tòsì fà á mọ́ra. Ilé-ìwé wa mọ ti ọ̀tún dáadáa. Èdè tí tòsì fi ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu tíṣà báyìí.

Òbí kò ya wèrè tó bá ń wá Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn tó ń jà fún Yorùbá yé bú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB fi ń béèrè ìbéèrè, òun ni wọ́n fi ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní báǹkì. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sí ilé-ìwé aládàáni mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí wọn kò sọ fún un ni pé ọ̀nà tó yá jù lọ sí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe kí ọmọ gbàgbé ohun tó mọ̀. Ọmọ kan kì í kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti mọ̀ pé lẹ́tà ń dúró fún ohùn, pé gbólóhùn ní ìtumọ̀, pé ìtàn inú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bí àlọ́ ṣe ní in, yóò kó gbogbo rẹ̀ wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tuntun ló kù fún un láti kọ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n kà ní èdè kankan ni kò ní nǹkan tó máa kó lọ.

Ibì kan ṣoro, àwọn olólùfẹ́ Yorùbá kì í sì í fẹ́ dúró níbẹ̀. Ọmọ Fúlàní tó ti gáà wá sí ilé-ìwé ní Ìgbòho kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ Bàrùbá tí òbí rẹ̀ ti apá Kíṣí wá dáko náà ńkọ́? Bí tíṣà bá ń fi Yorùbá nìkan kọ́ wọn, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún ọmọ Yorùbá ni Yorùbá ń ṣe fún wọn. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀ ní 1989, ilé-ìwé irú rẹ̀ sì wà káàkiri, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn tó wà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ní Òkè-Ògùn láwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Fúlàní rárá. Ó burú. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò fi màálù jẹ oko ẹnikẹ́ni. Tí èdè ìyá bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ Ìgbòho, ẹ̀tọ́ ọmọ gáà náà ni, ìbáà ṣòro láti ṣe. Tíṣà kò ní láti gbọ́ Fúlàní tán kó tó bẹ̀rẹ̀: ó lè gbé ọmọ Fúlàní tó ti wà ní kíláàsì kẹrin sún mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó kọ́ ìkíni àti òǹkà wọn, kó sì jẹ́ kí ọmọ náà fi èdè rẹ̀ ka màálù rẹ̀ níwájú kíláàsì. Àwọn ọmọ tó kù á rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn náà á ti ń kà á.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní láti dúró de Àbújá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. SUBEB Ọ̀yọ́, àjọ tó ń rí sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń gba tíṣà, òun ló ń pín wọn. Ohun àkọ́kọ́ tó lè ṣe kò ní orúkọ ńlá: kí ó yan tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan tó dáńgájíá fún ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ra ní Oorelope, kó máa lọ káàkiri, kí àwọn tíṣà yòókù sì fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ wọn láìbẹ̀rù alábòójútó. Ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́ nìyẹn. Èkejì ni kí ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí Ìgbòho rí ilé gbé, kí owó tó ń ná sórí ọ̀nà Ìgbòho padà sọ́wọ́ rẹ̀, nítorí tíṣà tó ń wá ìwé ìyípadà ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ tó dé kò ní í mọ orúkọ ọmọ kankan. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n wá àwọn ìwé tí Ifẹ̀ kọ ní nǹkan bí 1970 síwájú, kí wọ́n tún wọn ṣe, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Emmanuel Àlàyándé sọ wà ní Ọ̀yọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń wá iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dọọdún. Kí wọ́n gbé díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ìgbòho, kí wọ́n yan kíláàsì kìn-ín-ní mélòó kan, kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ apá kejì, kí wọ́n sì ka iye ọmọ tó lè ka ojú ewé kan nígbà tí ọdún bá parí. Mínísítà ní ẹ̀rí lòun ń wá.